Ọtí Kọ̀rọ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní àwọn ìlú ńláńlá ayé lónìí, a rí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa mú àlejò rìn kiri lóru. Wọn a gba owó lọ́wọ́ wọn, wọn a kó wọn gba ẹ̀yìnkùlé kan, wọn a kan ilẹ̀kùn tí kò ní àkọlé kankan, a ó sì ṣí i fún wọn sínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń po oríṣiríṣi ọtí mọ́ oje èso àti omi dídì. Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù. Ó ti dé Èkó pẹ̀lú. Kì í ṣe ọtí nìkan ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ ń rà. Ìkọ̀kọ̀ gan-an ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Àfarawé ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń fara wé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 1920 sí 1933, nígbà tí òfin ka ọtí ṣíṣe àti ọtí títà léèwọ̀ ní gbogbo ìlú wọn, tí ẹni tí òùngbẹ ọtí ń gbẹ sì ní láti rọra sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó gbà á wọlé.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí fàájì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, a ti ní ilé ọtí kọ̀rọ̀ tiwa rí, kì í sì í ṣe eré. Owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí a ó bá sì mọ bí ọtí ṣe di ohun tí à ń sá pamọ́ mu láàárín wa, a ní láti kọ́kọ́ rántí pé àwọn baba wa kò fi í pamọ́ rí.

Gbangba ni wọ́n ti ń mu ún. Adẹ́mu á gbé igbà kọ́ èjìká lówùúrọ̀, á gun ọ̀pẹ, á sọ akèrègbè kalẹ̀. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, ẹmu ti dé abẹ́ igi, ahá ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹmu wà, ògùrọ̀ wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn wà, àgádágídí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe wà, ọtí ọkà bàbà sì wà. Òfin tí ó de ọtí nígbà náà, òfin ẹ̀sìn àti ti ìwà ni. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ọbàtálá, ẹni tí Olódùmarè rán wá dá ayé, tí ó mu ẹmu lójú ọ̀nà títí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá, bẹ́ẹ̀ ni Ògún ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Èèwọ̀ ẹni kan kì í di ẹ̀wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ọmọ Abẹ́òkúta náà ni Amos Tutuola, tí a bí ní ọdún 1920, tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952: ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ méjì ju ẹmu mímu lọ, tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, ni ó wá a dé Ìlú Òkú. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí ọkùnrin yìí ti tijú pé òun ń mu ẹmu.

Ọtí òyìnbó ni ó mú ìjà wá. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Ní ọdún 1846 ni àwọn oníwàásù Ìjọ C.M.S. wá jókòó síbẹ̀. Ọtí jínnì tí àwọn oníṣòwò ń kó láti Hamburg àti Rotterdam sì ń gba Èkó wọlé bí omi òjò. Ó di ohun tí a fi ń ṣòwò, ohun tí a fi ń sin òkú, ohun tí a fi ń bẹ àgbà. Àwọn aṣáájú ìjọ kò fara mọ́ ọn. James Johnson, tí ó ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1877 sí 1880, bá ọtí jà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell tí ó dé ipò ní ọdún 1894 sì sọ ìjà náà di ariwo tí wọ́n gbọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọtí ni ó ń bọ́ ìjọba. Àdéhùn tí àwọn Ẹ̀gbá bá Gómìnà Carter ṣe ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1893 fi òmìnira wọn sílẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1898 wọ́n dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, tí Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní jẹ́ olórí rẹ̀. Ìjọba yìí ní akọ̀wé, ilé ẹjọ́ àti ọ̀nà tí ó ń là. Owó ibodè ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ọtí sì wà lára ọjà tí oníbodè ń gba owó lé lórí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Èkó. Nígbà tí ariwo àwọn oníwàásù pọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1909, Sir Mackenzie Chalmers sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn kò rí i pé ọtí ń ba àwọn ènìyàn Gúúsù Nàìjíríà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó tí òun ń jẹ burú?

Òmìnira Ẹ̀gbá parí ní ọdún 1914, lẹ́yìn ìpànìyàn Ìjemọ̀. Lugard ní kí owó ibodè kásẹ̀ nílẹ̀, kí olúkúlùkù máa san owó orí dípò rẹ̀. Ní ọdún 1918, owó orí bẹ̀rẹ̀. Nínú ọdún náà gan-an ni Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn Ẹ̀gbá fa ojú irin rélùwéè tu. Bí a bá ń sọ ìtàn ogun yìí, owó orí nìkan ni à ń dárúkọ. Ó tọ́ kí á rántí pẹ̀lú pé ìgò ọtí ti wà lára ohun tí ó ń san owó náà fún wa tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ ilé wa wá ka orí wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, nítòsí Paris, pé kí a má ṣe kó ọtí olówó pọ́ọ́kú wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọtí tí ó “dára”, àwọn ìjọba amúnisìn ni yóò sì sọ èyí tí ó dára. Jínnì ilẹ̀ Họ́láǹdì tún rí ọ̀nà wọlé, pẹ̀lú owó orí ọjà tí ń ga sí i. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé wó lulẹ̀ láti ọdún 1929, tí owó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ já wálẹ̀, ìgò jínnì kan di ohun tí àgbẹ̀ kò lè nawọ́ sí. Ìgbà náà ni ògógóró jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti ń pariwo rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó jẹ́ kí ẹmu tàbí ògùrọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan, a ó dà á sínú àgbá irin, a ó dé ẹnu rẹ̀ pinpin, a ó dáná sí i nídìí. Ooru ọtí máa ń ṣáájú ooru omi jáde. Yóò gba inú páìpù bàbà kan tí ó la omi tútù kọjá, yóò sì kán sílẹ̀ sínú ìgò ní omi funfun tí ń jó lẹ́nu bí iná. Ibi tí ògùrọ̀ bá ti ń hù, ní àbàtà àti etí omi, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù: ilẹ̀ Ìlàjẹ, Òkìtìpupa, ilẹ̀ Ìjọ̀ àti Ùròbò. Omi wà níbẹ̀ láti fi tu páìpù, igbó sì wà láti bo èéfín. Láti ibẹ̀ ni ọtí náà ti ń wọ ìlú nínú agolo kẹrosíìnì, kí ẹni tí ó bá rí i lè rò pé epo àtùpà ni.

Òfin ka ọtí náà léèwọ̀, ó sì ka àgbá àti páìpù tí a fi ń sè é léèwọ̀. Ìjọba ní májèlé ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣófo pátápátá, n ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dun ìjọba jù hàn kedere: gbogbo ìgò ògógóró tí a bá mu, ìgò jínnì kan ni owó rẹ̀ kò wọ àpò kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn aládùúgbò wa kò bọ́ nínú irú rẹ̀. Ní Gáná, akpeteshie ni wọ́n ń pe ọtí kan náà, orúkọ tí a mú láti inú èdè Gà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ fífi ara pamọ́. Ní Benin àti Tógò, sodabi ni. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi, tí ó bá àwọn Faransé jagun ní Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ni ó kọ́ iṣẹ́ náà bọ̀ láti Yúróòpù. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n tí ó fi ń sè é, ilẹ̀ àwọn tí wọ́n wá kà á léèwọ̀ fún wa ni ó ti rí i.

Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni ó mú mi rìn àwọn ojú ilé wọ̀nyí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Láfẹ́nwá ni a ti bẹ̀rẹ̀, a gba Ìtòkú, a sì gba àárín àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà gòkè lọ. Àgọ́ Ìkà kò jìnnà. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ilé kan, wọ́n ní ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́. Obìnrin ni ó ń tà á, ó sì ń dín àkàrà níwájú kí òórùn epo lè bo òórùn ọtí mọ́lẹ̀. Wọn kì í dárúkọ ọtí lẹ́nu ọ̀nà. Omi ni wọ́n máa ń béèrè. Bí ọlọ́pàá bá wọ àdúgbò, ọmọ kékeré kan á sáré kọjá, á máa ké pe ewúrẹ́ tí kò sọnù. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rù ìyàwó àwọn ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ.

Àwọn tí ń po ọtí ní ilé àlejò olówó iyebíye máa ń rò pé òyìnbó ni ó dá àdàlù ọtí sílẹ̀. Ẹ lọ sí ìdíkọ̀ Kútọ̀ tàbí ti Láfẹ́nwá, ẹ ó rí paraga: egbò, èèpo igi àti ewé tí a rẹ sínú ògógóró, ìgò kan fún jẹ̀dí, òmíràn fún ẹ̀yìn ríro, òmíràn fún ohun tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ lójú ọmọdé. Ẹni tí ń tà á mọ ìwọ̀n tí yóò bù nínú ìgò yìí mọ́ ti ìgò yẹn. Ewu wà níbẹ̀ o. Awakọ̀ tí ó bá mu ún tán tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú kò fẹ́ràn ara rẹ̀, kò sì fẹ́ràn èrò ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ọwọ́ ìjọba rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ògógóró, ilé bíà sì gba ojú pópó. Láti ọdún 1949 ni ilé iṣẹ́ ọtí ti ń pọn bíà Star ní Èkó. Ìtìjú ni ó wá dípò òfin. Níbi ìdána, jínnì ilẹ̀ Họ́láǹdì ni a ń gbé kalẹ̀, a kì í gbé ògógóró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń fi í tọrọ ọmọ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn nítòsí wa. Kì í sì í ṣe pé gbangba bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ilé ọtí tí gbogbo ayé mọ̀, ní Àgọ́ Ìkà yìí kan náà, ni wọ́n ti fi ife bíà gbá Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Ìtòkò, lórí ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, tí ó fi kú. Bàbá dúró díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, wọn kò sì sọ ohunkóhun.

Mo ní n ó padà sí ọ̀rọ̀ májèlé. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀. Òmíràn fọ́ lójú kí ó tó kú. Ìjọba àpapọ̀ tún ka ògógóró léèwọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Èmi kò rò pé ohun tí àwọn baba wa ń mu ni ó pa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ẹmu tí a sè dáadáa kì í ní methanol tí ó tó pa ènìyàn. Ẹni tí ó fẹ́ èrè púpọ̀ ni ó máa ń bu òògùn ilé iṣẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí kò sí ẹni tí ń yẹ ọtí wò, tí olùtà ń sá, tí olùmu ń sá, ta ni yóò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni a ti ń lé ọtí yìí wọ kọ̀rọ̀, a kò fi ìgbà kan bi àwọn tí ń sè é léèrè bí wọ́n ṣe ń sè é.

Ilé tí a dé gbẹ̀yìn lálẹ́ náà wà ní Ìtòkò. Ọlọ́pàá kankan kò wá obìnrin tí ó ni ín mọ́, ìgò rẹ̀ sì wà lórí tábìlì lọ́sàn-án gangan. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní títì. Bàbá kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n dúró, wọ́n sì rọra béèrè omi.