Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Omi Ọ̀ṣun: Ìtàn Ààbò Omi ní Agbègbè Ìwakùsà, 1946–2021

1.0 Ìfáàrà

Odò Ọ̀ṣun ṣàn láti ilẹ̀ Èkìtì, ó la ilẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Ògùn kọjá kí ó tó dé ọ̀sà Lẹ́kì. Díẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tí ó ń bọ́ sínú rẹ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wúrà wà nínú yanrìn etí odò àti nínú àpáta. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn ààbò omi wò ní agbègbè náà. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe àìsí òfin ni ó fa ìbàjẹ́ omi, bí kò ṣe pé òfin fi ilẹ̀ sí ọwọ́ kan, àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ kejì, kò sì sí ẹni tí odò láti orísun dé ìsàlẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

2.0 Ààbò Àbáláyé

Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni láti pẹja nínú odò ní igbó Ọ̀ṣun, wọn kì í sì í gé igi ibẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ìgbàgbọ́ ni ó gbé èèwọ̀ yìí ró, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ hàn sí ojú: gbòǹgbò igi di etí odò mú, àgbàrá kò sì rí ààyè kó erùpẹ̀ sínú omi. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965. UNESCO sì fi í kún ogún àgbáyé ní 2005. Síbẹ̀, nǹkan bí hẹ́kítà 75 péré ni ààbò náà kárí. Omi tí ó ń ti òkè wá kò sí lábẹ́ rẹ̀.

3.0 Òfin Ìjọba

Òfin Àlùmọ́ọ́nì ti 1946 fi gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira, àṣẹ náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 àti ti 1999 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ìdà kejì, Àṣẹ Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Báyìí ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé gómìnà ni ó ni ilẹ̀, Àbújá ni ó ni wúrà inú rẹ̀, àwọn ará abúlé ni ó sì ń mu omi.

Ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókó ni ó ta ìjọba jí ní 1988. Ọdún náà ni wọ́n dá àjọ FEPA sílẹ̀. NESREA rọ́pò rẹ̀ ní 2007. Ọdún yìí kan náà ni Òfin Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà jáde, èyí tí ó ka bíba omi jẹ́ léèwọ̀ fún awakùsà, tí ó sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe.

4.0 Bí Omi Ṣe Ń Bàjẹ́

Ọ̀nà méjì ni. Èkínní ni ti orí ilẹ̀. Awakùsà a gbẹ́ etí odò, a fi omi fọ yanrìn, ẹrẹ̀ a sì ṣàn padà sínú odò. Bí ó bá fi mẹ́kúrì kó wúrà jọ, èyí tí ó ṣẹ́kù a wọ inú omi, a dé ara ẹja, a sì ti ibẹ̀ dé ara ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 2020, omi Ọ̀ṣun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, síbẹ̀ àwọn olùjọsìn ṣì ń bu ú mu ní ọdún Ọ̀ṣun.

Èkejì ni ti abẹ́ ilẹ̀. Lórí àpáta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú ilẹ̀ rírọ̀ àti inú ihò àpáta ni omi kànga wà. Kòtò ìwakùsà tí ó jìn a ṣí ojú ọ̀nà fún ìdọ̀tí láti dé ibẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Zamfara jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àìkíyèsí lè fà: ní 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fún wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ.

5.0 Ojúṣe

Àwọn kan lè ní kí wọ́n lé awakùsà kékeré lọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ òòjọ́ ni ó gbé wọn dé oko kòkó. Bí wọ́n bá lé wọn níhìn-ín, wọn a wá odò mìíràn. Ilé-iṣẹ́ ńlá, irú èyí tí ó kọ́kọ́ yọ wúrà ní Ṣẹ́gilọlá ní 2021, ní ìwé àṣẹ àti ibùdó tí aláyẹ̀wò lè lọ. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé kò ní ọ̀kankan. Nítorí náà, kí wọ́n kó wọn sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n fi igi sílẹ̀ ní etí odò, kí wọ́n gbẹ́ adágún tí ẹrẹ̀ yóò ti sílẹ̀ kí omi tó padà sí odò, kí wọ́n dí kòtò padà, kí wọ́n sì máa yẹ omi kànga wò ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ibi iṣẹ́.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èèwọ̀ Òṣogbo mọ etí odò, kò mọ òkè odò. Òfin Àbújá mọ àlùmọ́ọ́nì, kò mọ ẹni tí ń pọnmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàì kan ará Ọmọ́lé, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé gbára lé kànga ẹ̀rọ. Àfi bí a bá fi ààbò odò kan, láti òkè dé ọ̀sà, sí ọwọ́ àjọ kan tí àwọn ará etí odò ní ohùn nínú rẹ̀, òfin yóò máa pọ̀ sí i, omi yóò sì máa pọ́n.