Kí ni kọ̀ǹpútà ń wí? Bí a ṣe ń ka èsì ìfiwéra ìpíndọ́gba láàrin ọ̀wọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ìka kò dọ́gba. Bí a bá pín ogún ènìyàn sí ọ̀wọ́ méjì láìṣa ẹnikẹ́ni lẹ́ṣà, tí a wọn gíga wọn, tí a sì ṣírò ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ṣọ̀wọ́n kí iye méjèèjì tó bá ara wọn mu régí. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú olùwádìí kì í ṣe bóyá ìyàtọ̀ wà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ìyàtọ̀ tí ojú rí yìí ju èyí tí èèṣì lásán lè mú wá lọ?

Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ìkẹyìn máa ń kó àwọn iye tí wọ́n gbà jọ lọ bá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò gbowó. Ohun tí wọ́n ń gbà bọ̀ ni ìwé tí àtẹ kún inú rẹ̀, tí wọ́n kọ t, F, df àti Sig. sí. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń wá ibi tí wọ́n kọ Sig. sí ni. Bí iye ibẹ̀ bá kéré sí 0.05, inú wọn a dùn; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wọn a fà ro. Bẹ́ẹ̀, irú àtẹ kan náà yìí ni wọ́n fi ń pinnu oògùn tí wọ́n máa fún aláìsàn àti ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ máa fowó rà. Ẹni tó bá ṣì í kà lè má jìyà rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀

William Sealy Gosset, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1876, ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní t-test lélẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, ló gbà á síṣẹ́ ní 1899. Iye ohun tí wọ́n lè rí dán wò níbẹ̀ kì í pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun púpọ̀ ni àwọn ọ̀nà ìṣirò ayé ìgbà náà ń fẹ́ kí ó tó ṣeé gbára lé. Gosset wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1908. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, "Student" ni ó fi ṣe orúkọ.

Nínú ìwé ti 1908 yẹn, Gosset lo àkọsílẹ̀ kan tí Cushny àti Peebles ti gbé jáde ní 1905. Àwọn aláìsàn 10 kan lo oògùn oorun méjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ iye wákàtí tí oorun oníkálukú fi lé sí i tàbí tí ó fi dín kù. Àkọsílẹ̀ yìí ṣì wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand. Ẹnikẹ́ni tó bá ní R lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè pè é jáde ní orúkọ "sleep".

Oògùn kìíní fi wákàtí 0.75 kún oorun wọn ní ìpíndọ́gba. Ìkejì fi wákàtí 2.33 kún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì jẹ́ wákàtí 1.58. Ṣé oògùn kejì ló dára jù ni, àbí èèṣì ni?

Èsì àkọ́kọ́: bí ẹni pé ogún ènìyàn ni wọ́n

Bí ẹnì kan bá ní kí R ka àwọn iye náà bí ẹni pé ènìyàn 10 lo oògùn kìíní, tí ènìyàn 10 mìíràn sì lo ìkejì, ohun tí yóò jáde nìyí: t = -1.8608, df = 17.776, p-value = 0.07939. Lábẹ́ wọn ni ààlà kan wà, láti -3.3655 dé 0.2055.

Lẹ́tà t ń sọ ìlọ́po mélòó ni ìyàtọ̀ tí a rí jẹ́ sí ìwọ̀n tí èèṣì sábà máa ń fi í sún síwá tàbí sẹ́yìn. Níbí, kò tó ìlọ́po méjì. Àmì àyọkúrò tó wà níwájú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́; kọ̀ǹpútà kàn yọ ìpíndọ́gba kejì kúrò nínú ti ìkíní ni. Ní ti df, òun ni òdiwọ̀n iye ẹ̀rí tó kù lọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí a ti ṣírò ìpíndọ́gba. Ogún iye, ìpíndọ́gba méjì, ó yẹ kó jẹ́ 18. Ó di 17.776 nítorí pé ọ̀nà Welch ni R ń lò bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, ọ̀nà yìí kì í sì í gbà pé bí iye ṣe fọ́nká nínú ọ̀wọ́ méjèèjì dọ́gba.

Lẹ́tà p ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì túmọ̀. Ohun tí 0.079 ń wí ni pé, ká ní oògùn méjèèjì kò yàtọ̀ síra rárá, èèṣì lásán ìbá mú irú ìyàtọ̀ yìí tàbí èyí tó jù ú lọ wá ní nǹkan bí ìgbà 8 nínú 100. Kò sọ pé ó ku ìdá 8 nínú 100 kí oògùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sì sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Ààlà ló ń sọ ìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ ni èyí tó jẹ́ pé, bí a bá tún ìwádìí náà ṣe ní ìgbà 100, ààlà tí yóò máa jáde yóò gba òtítọ́ mọ́ra ní nǹkan bí ìgbà 95. Ti èyí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oògùn kejì ti fi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ta ìkíní yọ, títí dé ibi tí ìkíní ti fi ìṣẹ́jú 12 ta ìkejì yọ. Òdo wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí kò tó.

Èsì kejì: ẹni kan náà, oògùn méjì

Ṣùgbọ́n ènìyàn 10 ni wọ́n, kì í ṣe 20. Ẹni tó lo oògùn kìíní náà ló lo ìkejì. Bí a bá sọ èyí fún R, tí ó sì fi oníkálukú wé ara rẹ̀, èsì yí padà pátápátá: t = -4.0621, df = 9, p-value = 0.002833, ààlà láti -2.46 dé -0.70. Ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 1.58. Kò sí iye kan tí a fi kún un, kò sí èyí tí a yọ. Síbẹ̀, ohun tí èèṣì lè ṣe ní ìgbà 8 nínú 100 di ohun tí kò lè ṣe ju nǹkan bí ìgbà 3 nínú 1,000 lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oorun ènìyàn kò rí bákan náà. Aláìsàn keje fi wákàtí 3.7 sùn sí i pẹ̀lú oògùn kìíní, ó sì fi 5.5 sùn sí i pẹ̀lú ìkejì. Ti aláìsàn kẹrin dín kù ní wákàtí 1.2 pẹ̀lú ìkíní, ó sì lé ní 0.1 péré pẹ̀lú ìkejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ènìyàn sí ènìyàn pọ̀ débi pé ó bo ti oògùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí a fi oníkálukú wé ara rẹ̀, ìbòjú yẹn ká kúrò: àwọn 9 nínú 10 ló sùn jù pẹ̀lú oògùn kejì, ti ẹnì kan tó kù sì dọ́gba.

Kọ̀ǹpútà kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀. Kò sí níbi tí wọ́n ti gba àwọn iye náà sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwádìí ló gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ìlà méjì inú SPSS

SPSS, tí wọ́n ṣẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1968, tí ilé-iṣẹ́ IBM sì rà ní 2009, ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí a bá fi ọ̀wọ́ méjì tó dá yàtọ̀ wéra, ìlà méjì ni àtẹ rẹ̀ máa ń ní. Sig. tí ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀ jẹ́ ti àyẹ̀wò Levene, tó ń béèrè bóyá bí iye ṣe fọ́nká nínú ọ̀wọ́ méjèèjì dọ́gba. Kì í ṣe ìdáhùn nípa ìpíndọ́gba, àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ. Bí iye náà bá ju 0.05 lọ, àṣà ni pé kí a ka ìlà òkè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀, tó jẹ́ ti Welch. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò burú kí a máa ka ti ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Ìdáhùn gan-an wà níwájú, lábẹ́ "Sig. (2-tailed)", tí àwọn ẹ̀dà tuntun ń pè ní "Two-Sided p".

Bí .000 bá sì jáde, kò túmọ̀ sí òdo. Kọ̀ǹpútà gé e kúrú ni. Kíkọ tó tọ́ ni p < 0.001.

Bí ọ̀wọ́ bá di mẹ́ta

Fífi t-test wé ọ̀wọ́ mẹ́ta ní méjì-méjì ní ewu. Bí a bá gba àṣìṣe 5 nínú 100 láàyè nínú àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ewu àyẹ̀wò mẹ́ta lè sún mọ́ 14 nínú 100. Ronald Fisher, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1919, ló gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ANOVA kalẹ̀ láti fi gbogbo wọn wéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ wà nínú R, orúkọ rẹ̀ ni "PlantGrowth": ọ̀wọ́ irúgbìn mẹ́ta, 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wọn lẹ́yìn gbígbẹ. Ọ̀wọ́ kan kò gba ìtọ́jú kankan, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 5.032. Èyí tó gba ìtọ́jú kìíní jẹ́ 4.661, ti ìtọ́jú kejì jẹ́ 5.526. Èsì ANOVA ni F = 4.846, df 2 àti 27, p = 0.0159. F yìí ni ìyàtọ̀ àárín ọ̀wọ́ sí ọ̀wọ́, 1.8832, tí a fi ìyàtọ̀ inú ọ̀wọ́, 0.3886, pín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á pariwo níbí pé ìtọ́jú ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí F sọ kò ju pé ó ṣòro láti gbà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Kò dárúkọ èyí tó yàtọ̀. Àyẹ̀wò Tukey, tó ń tẹ̀lé e, ló dárúkọ wọn: ìtọ́jú kìíní sí àìtọ́jú, p = 0.391; ìtọ́jú kejì sí àìtọ́jú, p = 0.198; ìtọ́jú kejì sí ìkíní, p = 0.012. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ síra wọn, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó fi ẹ̀rí tó tó hàn pé òun sàn ju kí a fi irúgbìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá ka F nìkan fún lè ná owó rẹ̀ dànù.

Ohun tó yẹ kó wà lákọsílẹ̀

Ìwé Fisher ti 1925 ló sọ 0.05 di gbajúmọ̀, kì í ṣe òfin. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sìtátísíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìkéde jáde pé kò yẹ kí ìpinnu ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tàbí ti ìjọba dá lórí bóyá p kọjá ààlà kan nìkan, àti pé p kì í sọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tàbí bó ṣe ṣe pàtàkì tó.

Nítorí náà, kí olùwádìí tó kọ p sílẹ̀, ó yẹ kó kọ iye ènìyàn tàbí ohun tó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn àti ààlà rẹ̀, àti irú àyẹ̀wò tó lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣírò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un bóyá àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n wọn lẹ́ẹ̀méjì, tàbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn aláìsàn 10 inú ìwé Gosset ti fi hàn pé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lè yí ìdájọ́ oògùn padà.