Òfin, Èèwọ̀ àti Ìwà: Ẹ̀kọ́ Inú Ẹjọ́ Hialeah



Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba fi òfin sọ ohun tí àwọn kan kà sí ìwà rere di dandan fún gbogbo ìlú? Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Lùkùmí yóò là wá lọ́yẹ.

Lùkùmí ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Òrìṣà bá wọn dé ibẹ̀, ó sì tún bá àwọn ará Kúbà ṣí lọ sí Florida ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1987, ìjọ Babalú Ayé, èyíinì Ọbalúayé wa, tí Ernesto Pichardo jẹ́ olórí rẹ̀, gba ilẹ̀ ní ìlú Hialeah láti kọ́ ilé ìsìn. Ìlú dàrú. Ìgbìmọ̀ ìlú kéde pé ìsìn kan lè máa ṣe ohun tí ó lòdì sí ìwà rere àti àlàáfíà, wọ́n sì fi òfin ka ẹbọ ẹlẹ́jẹ̀ léèwọ̀.

Ilé ẹjọ́ méjì dá ìlú láre. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fẹnu kò láti wọ́gi lé òfin náà. Wọ́n rí i pé òfin náà kò mú ọdẹ, kò mú apẹja, kò mú ẹni tí ń pa eku ilé. Ẹni tí ó pa ẹran fún òrìṣà ni ó ń dọdẹ. Wọn kò sọ pé ẹlẹ́sìn ga ju òfin lọ: ìjọba lè ṣòfin ìmọ́tótó tí yóò mú tẹrú-tọmọ bákan náà.

Inú wa dùn sí ìdájọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ara wa. Orò ti wà kí a tó bí baba wa. Nígbà tí gbogbo ìlú ń sin ohun kan náà, ìsémọ́lé kò ni ẹnikẹ́ni lára. Lónìí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti àlejò ń bá wa gbé. Bí a bá ní kí ìjọba fi agbára sé wọn mọ́lé, kí ni a ó wí sí Hialeah? Ìfohùnṣọ̀kan, àkókò tí a kéde ṣáájú àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni yóò dáàbò bo Orò.

Èèwọ̀ Ifá de babaláwo. Kò de ẹni tí kò tẹ Ifá. Kí òfin mú olè, apànìyàn àti oníjìbìtì. Ìwà ní tirẹ̀, ilé ni a ti ń kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ àgbà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.