"Bá Mi Dìbò": Ìtàn Ìbò Tí Ẹlòmíràn Ń Báni Dì

Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì: "Dìbò fún mi" àti "Bá mi dìbò." Ẹni tó ń wá ipò ló ń sọ ti àkọ́kọ́. Ti kejì, ẹni tí kò lè dé ibùdó ìdìbò ló ń bẹ ẹlòmíràn pé kó lọ dìbò lórúkọ òun.

Ogun ló gbé ti kejì yìí dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1918, àwọn sójà wọn wà káàkiri ayé. Àwọn tó wà ní Faransé lè fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n láti Mesopotámíà, tí à ń pè ní Iraq lónìí, lẹ́tà kì í tètè dé. Sójà ibẹ̀ ní láti yan ẹnì kan nílé tí yóò bá a dìbò.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, rìsíìtì ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èyí kò ní rìsíìtì o! Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni; sójà náà kò lè rí ibi tí aṣojú rẹ̀ fàmì sí.

Àwọn aṣòfin gan-an pẹ́ kí wọ́n tó gbà á fún ara wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2019, Tulip Siddiq sún iṣẹ́ abẹ ìbímọ rẹ̀ síwájú, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ gbé e wọlé wá dìbò. Ní ọjọ́ 29, Vicky Foxcroft, aṣòfin bíi tirẹ̀, bá a dìbò. Ọmọ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi náà ti bá ìyàwó mi dìbò rí. Ẹni tí mi ò fẹ́ ló ní kí n fàmì sí. Mo fà á. Bóyá ó gbà mí gbọ́, ẹ bi í.