Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Gbé Ẹni Tí Ó Fara Pa? Ìtàn Ìdóòlà Ẹ̀mí Lójú Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀

Bí ọkọ̀ bá dànù nítòsí Modákẹ́kẹ́, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ẹni tí ó fara pa. Bí ó ti rí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà, ọ̀nà náà sì ń pa wọ́n. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1977, lábẹ́ ìjọba ológun David Jemibewon, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ṣì wà nígbà náà. Májàmájà ni aráàlú ń pè wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká ní 1983, ṣùgbọ́n ní 1988 òun náà dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtọ́jú kíákíá fún ẹni tí ó fara pa wà lára iṣẹ́ àjọ náà, àmọ́ lójú tèmi, ìdènà ìjàǹbá ni ó gba iwájú.

Ní Jámánì, láti 1970 ni hẹlikọ́pítà Christoph 1 ti ń gbé dókítà láti Munich lọ bá ẹni tí ó fara pa níbi tí ó wà. Ní tiwa, Dókítà Ọlá Orekunrin dá Flying Doctors Nigeria sílẹ̀ ní Èkó, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú nígbà tí kò sí ọkọ̀ òfuurufú nítòsí tí ó lè tètè gbé e. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni hẹlikọ́pítà wà fún, ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì kò sì jìnnà sí Modákẹ́kẹ́. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ewu wà, nígbà tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ jáde nínú ọkọ̀. Ó tún wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń béèrè owó àsansílẹ̀.

Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn yóò san ₦100,000, tàbí kí ó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n, tàbí méjèèjì. Nínú àpò owó tí òfin kan náà dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, ìdá 5 nínú 100 ni ó yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì.