‘Aurait’ kọjá ‘ì bá’: bó ṣe yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní conditionnel passé

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣí ìwé ìròyìn Faransé, tó sì rí gbólóhùn bíi ‘Le directeur aurait vendu le terrain’, ìtumọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ‘Ọ̀gá náà ì bá ti ta ilẹ̀ náà.’ Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò gbà pé ọ̀gá kò ta ilẹ̀ kankan, pé nǹkan kan ló dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí oníròyìn kọ ni pé wọ́n ní ọ̀gá ti ta ilẹ̀ náà, àti pé òun fúnra òun kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìtumọ̀ kan dá ọ̀gá láre, èkejì fi ẹ̀sùn kàn án, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fa àṣìṣe yìí. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ni ló ń bí i. Wọ́n á kọ́ ọmọ pé inú gbólóhùn tó ní ‘si’ ni conditionnel passé ń gbé, wọ́n á ní kó há àwọn ẹ̀dà rẹ̀ sórí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún ni pé iṣẹ́ mẹ́rin ni àsìkò yìí ń ṣe, pé orísun kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣàn wá, àti pé Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń gbà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olùkọ́ tó bá fi ‘ì bá ti’ nìkan tú u kò tíì kọ́ni dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Faransé ni èdè ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Òun ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu àti Ìpóbẹ̀ fi ń kàwé. Ní Nàìjíríà, ìjọba Abacha kéde ní ọdún 1996 pé kí Faransé di èdè ìjọba kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń lọ sí Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àgbádárìgì láti gbé inú èdè náà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò di ògbufọ̀, oníròyìn àti olùkọ́ lọ́la.

Híhun rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́, ‘avoir’ tàbí ‘être’, ni a ó kọ́kọ́ fi sí conditionnel présent, a ó wá fi participe passé ti ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an tẹ̀ lé e. ‘Avoir’ á di j’aurais, tu aurais, il aurait, nous aurions, vous auriez, ils auraient. ‘Être’ á di je serais, tu serais, il serait, nous serions, vous seriez, ils seraient. Nípa bẹ́ẹ̀, ‘parler’ á fún wa ní ‘j’aurais parlé’, ‘aller’ á fún wa ní ‘je serais allé’. ‘Avoir’ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀-ìṣe ń bá rìn. Àwọn tó ń bá ‘être’ rìn kò pọ̀: aller, venir, partir, arriver, naître, mourir àti ẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú gbogbo èyí tó bá ní ‘se’ níwájú, bíi ‘se lever’: ‘elles se seraient levées’.

Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yọ̀. Èkíní ni ìbáramu participe. Pẹ̀lú ‘être’, participe a máa bá olùwà mu: ‘elle serait partie’. Pẹ̀lú ‘avoir’, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú olùwà. Àbọ̀ ló ń wò, ìyẹn tí àbọ̀ bá ti ṣáájú rẹ̀. A ó kọ ‘j’aurais écrit les lettres’, ṣùgbọ́n ‘les lettres que j’aurais écrites’. Akéwì nì, Clément Marot, ló fi ewì gbèjà òfin yìí ní ọdún 1538, ó sì fi àpẹẹrẹ èdè Ítálì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Èkejì ni lẹ́tà ‘s’. ‘J’aurai fini’ ni ‘n ó ti parí’. ‘J’aurais fini’ ni ‘ǹ bá ti parí’. Ọ̀pọ̀ àwọn tí Faransé jẹ́ èdè abínibí wọn ń pe méjèèjì bákan náà, nítorí náà etí kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ojú ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ibo wá ni orísun tí a sọ? Ẹ jẹ́ kí a tú ‘parlerais’ wò. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ‘parler-’, pẹ̀lú ‘r’ rẹ̀, ni a ń rí nínú àsìkò ọjọ́ iwájú, ‘parlerai’. Ìparí rẹ̀, ‘-ais’, ni a ń rí nínú imparfait, ‘parlais’, tí í ṣe àsìkò ohun àtijọ́. Ìtàn èdè náà fi ìdí èyí múlẹ̀: láti inú Látìn àwọn ará ìlú ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ‘habere’ ti àtijọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi ‘cantare habebam’, tó padà di ‘chanterais’. Ọjọ́ iwájú tí ènìyàn dúró sí àná wò ni. Nígbà tí ó bá wá di ‘aurais chanté’, a tún fi kún un pé iṣẹ́ náà ti parí. Ní ọdún 1929, onímọ̀ èdè Gustave Guillaume pe conditionnel ní ‘futur hypothétique’, ó sì kà á mọ́ àwọn àsìkò indicatif, nígbà tí àwọn ìwé gírámà àtijọ́ ń tò ó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí mode tó dá dúró. Guillaume ló jàre. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní ṣàjèjì sí wa mọ́: nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wo iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí èyí tó ti parí, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé ó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ìwé mọ̀, ìyẹn ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀. ‘Si j’avais su, je serais venu’: ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá. ‘S’il avait plu, ils ne seraient pas venus’: ká ní òjò rọ̀ ni, wọn kì bá tí wá. Òfin Faransé le níbí: plus-que-parfait ló ń tẹ̀ lé ‘si’, conditionnel kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ọmọ Yorùbá ní ìdí tí yóò fi ṣì í, torí èdè rẹ̀ gbà kí ó sọ pé ‘Ì bá ṣe pé mo mọ̀, ǹ bá ti wá’, kí ‘bá’ wà lápá méjèèjì. Síbẹ̀, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru Yorùbá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé gan-an ń fi conditionnel sẹ́yìn ‘si’, débi pé nínú fíìmù ‘La Guerre des boutons’ tí Yves Robert ṣe ní ọdún 1962, àṣìṣe yìí ló sọ ọmọdékùnrin kan, Petit Gibus, di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ohun kan tún wà tí olùkọ́ máa ń fò. Bí àyọrísí bá kan òní, conditionnel présent ni a ó lò: ‘Si j’avais étudié, je serais médecin aujourd’hui.’ Bí ó bá jẹ́ ohun tó yẹ kó ti parí nígbà náà ni a ó sọ pé ‘je serais devenu médecin’.

Iṣẹ́ kejì ni àbámọ̀ àti ìbáwí. ‘Tu aurais dû partir’ kì í ṣe ‘ì bá’ rárá. ‘Ó yẹ kí o ti lọ’ ni. ‘J’aurais aimé la voir’ ń kédùn pé ènìyàn fẹ́ rí i, kò sì rí i. Ìṣòro ńlá wà lọ́dọ̀ ‘pouvoir’. ‘Il aurait pu mourir’ ń sọ nípa ẹni tó ṣì wà láàyè: ikú yẹ̀ lórí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú u sí ‘ó lè ti kú’ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé ẹni tí a kò mọ ibi tó wà ni Yorùbá ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. ‘Il est peut-être mort’ ni Faransé yóò fi gbé ìyẹn kalẹ̀.

Iṣẹ́ kẹta ni ti oníròyìn. ‘Selon la police, trois personnes auraient été arrêtées’: àwọn ọlọ́pàá ní ọwọ́ ti tẹ ènìyàn mẹ́ta. Kò sí ‘si’ níbẹ̀, kò sì sí àbámọ̀ kankan. Oníròyìn kàn ń sọ fún òǹkàwé pé ẹnu ẹlòmíràn ni òun ti gbọ́ ọ. ‘Wọ́n ní’, ‘a gbọ́ pé’, ‘ìròyìn sọ pé’ ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ‘ti’ lásán lórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ààbò pípé ni conditionnel jẹ́ fún oníròyìn. Òfin ìròyìn ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1881, ní abala 29 rẹ̀, sọ pé ìbanilórúkọjẹ́ ṣì ni í ṣe, kódà bí òǹkọ̀wé bá fi iyèméjì gbé e kalẹ̀. Àwọn aṣòfin náà mọ̀ pé ẹ̀sùn lè fara pamọ́ sínú gbólóhùn tó ń ṣiyèméjì. Ẹni tó bá ka ‘aurait’ sí ‘ì bá’ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ̀sùn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kẹrin kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú àfọ̀ agbàsọ, ‘Elle a dit qu’elle aurait fini avant la nuit’ túmọ̀ sí ‘Ó ní òun yóò ti parí kí ilẹ̀ tó ṣú.’ Faransé yí àsìkò padà nítorí pé ‘a dit’ ti kọjá. Yorùbá fi ‘yóò ti’ sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbí gan-an ni orísun tí a ń sọ ti hàn kedere jù: ọjọ́ iwájú tí a dúró sí àná wò.

Àwọn olùkọ́ kan lè sọ pé ẹrù yìí ti pọ̀ jù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pé kó kọ́kọ́ gbọ́ ti ‘si’ dáadáa, ìyókù á tẹ̀ lé e bó bá yá. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, torí ẹni tí kò tíì mọ ‘aurais’ yàtọ̀ sí ‘aurai’ kò tíì lè ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ‘bó bá yá’ yìí kì í sábà dé. Ìdánwò tó ń béèrè kìkì pé kí ọmọ parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘si’ ń sọ fún un pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì ná olùkọ́ ní ìwé tuntun. Kí ó mú gbólóhùn mẹ́rin tó ní ‘aurait’, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó ní kí kíláàsì tú wọn sí Yorùbá, kí ó sì béèrè lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀, àbí kò ṣẹlẹ̀, àbí òǹkọ̀wé kò sọ? Bí ‘ì bá ti’, ‘ó yẹ kí ó ti’, ‘wọ́n ní ó ti’ àti ‘yóò ti’ bá jáde lẹ́nu wọn níbi tó yẹ, wọ́n ti gbọ́ conditionnel passé yé. Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí ó wà nínú ìwé ìdánwò.