Ibùgbé, Ibi Ìsádi àti Ibùdó nínú Ìròyìn: Àpẹẹrẹ Sabon Gari, Kánò

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, shelter, ni akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ilé tí ènìyàn ń gbé, àgọ́ tí a pa fún ẹni tí ogun lé, ibi tí a sá sí nígbà ìjà, àti òrùlé tí èrò ń dúró sí abẹ́ rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí akọ̀ròyìn bá yàn ni yóò sọ fún òǹkàwé bóyá onílé, àlejò tàbí ẹni tí ń sá fún ikú ni ẹni tí ìròyìn dá lé lórí.

Àdúgbò náà

Sabon Gari túmọ̀ sí "ìlú tuntun" ní èdè Haúsá. Ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀ sẹ́yìn odi ìlú Kánò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1911, kí àwọn ará gúúsù lè máa gbé lọ́tọ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, àdúgbò àwọn Haúsá ni a ń pè ní Sábó.

Ibùgbé

Èyí ni ilé tí a ń gbé pẹ́ títí. Abala 16 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lè rí shelter tó bójú mu. Ibùgbé ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbí. Bí a bá kọ "ibi ìsádi", a ti sọ ọmọ onílẹ̀ di ẹni tí ń tọrọ ààbò.

Ibi ìsádi

Ẹni tó sá di ẹnìkan gbà pé onítọ̀hún yóò dáàbò bo òun. Ní oṣù Karùn-ún 1953, nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ ṣèpàdé ní Kánò, ìjà bẹ́ sílẹ̀, Sabon Gari sì wà lára ibi tó ti gbóná jù. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Nígbà rògbòdìyàn 2004, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí bárékè: ibi ìsádi nìyẹn. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá kò sá di ẹnikẹ́ni. Ó fara pamọ́ ni.

Ibùdó ogúnléndé

Ibi ìgbà díẹ̀ ni ibùdó. Àdéhùn àgbáyé ti 1951 wà fún ẹni tó sá kọjá ẹnubodè. Àdéhùn Kampala ti 2009 wà fún ẹni tí a lé kúrò nílé rẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè rẹ̀. "Ogúnléndé" ni Yorùbá sábà ń pe àwọn méjèèjì, nítorí náà ó yẹ kí akọ̀ròyìn fi "abẹ́lé" kún un fún ti ẹ̀yìn. Àwọn Ìgbò tó sá kúrò ní Sabon Gari lọ sí ìlà-oòrùn ní 1966 kò kọjá ẹnubodè kankan.

Àtíbàbà

Òrùlé tí kò ní ògiri ni èyí, irú èyí tí èrò ń dúró sí lábẹ́ ní gáréèjì. "Ibùdó" nìkan kò tó níbẹ̀. Ní ti bọ́ǹbù tó dún ní gáréèjì Sabon Gari ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta 2013, òǹkàwé lè rò pé àgọ́ ogúnléndé ni wọ́n kọlù.

Nínú àkọlé ìròyìn

"Wọn kò ní ibùgbé mọ́" ń sọ pé ilé ti bàjẹ́. "Wọ́n ń wá ibi ìsádi" ń sọ pé ewu ṣì ń lé wọn. Ìrànlọ́wọ́ tí àkọlé kìíní ń béèrè ni àtúnkọ́ ilé. Èkejì ń béèrè ẹ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀.